Kí Ló Dé Tí Aláàrùn Ọpọlọ Fi Ń Pa Oògùn Tì?

Ẹ̀yin ọmọ Oòduà ẹlẹgbẹ́ wa, bí ẹnìkan bá hùwà tí kò yé wa nínú ọgbà yìí, kíá ni a ó ní kí wọ́n gbé e lọ sí Àrò. Ẹ̀fẹ̀ ni a fi ń ṣe, ṣùgbọ́n ìtìjú irú ẹ̀fẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí ń mú kí aláìsàn pa oògùn tì.

Àwọn nọ́ọ̀sì tí ń tọ́jú àrùn ọpọlọ mọ ẹni tí ó lọ sílé tayọ̀tayọ̀ tí ó tún padà sí wọ́ọ̀dù. Nọ́ọ̀sì tí ó mọ iṣẹ́ kì í pè é ní olóríkunkun. Ìdí ọ̀rọ̀ ni ó máa ń wá.

Èkíní, ara ti yá. Aláìsàn rò pé bí ibà ni, pé bí ara bá ti fúyẹ́, oògùn parí. Àìsàn náà kì í sábà padà lọ́jọ́ kejì. Ó lè tó oṣù díẹ̀. Èyí ni ó ń tan ènìyàn jẹ.

Èkejì, oògùn náà ní wàhálà tirẹ̀. Òmíràn a máa mú kí ọwọ́ gbọ̀n, kí ara le gbagidi, kí itọ́ máa dà, tàbí kí ènìyàn máa sùn ní kíláàsì. Dókítà lè dín in kù tàbí kí ó pààrọ̀ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí a ń gbà ní ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 síra wọn tilẹ̀ wà dípò oníhóró. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ran ẹni tí ń da oògùn nù ní kọ̀rọ̀ lọ́wọ́?

Ẹ̀kẹta ni owó. Ẹ̀kẹrin ni ẹbí tí ó gbà pé iṣẹ́ ayé ni, tí ó ní kí ó dá oògùn dúró. Ìmọ̀ràn nọ́ọ̀sì ni pé kí àdúrà máa lọ, kí oògùn náà máa lọ.

Síbẹ̀, ẹbí wúlò púpọ̀. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àrò, l'Ábẹ́òkúta, ní 1954, ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí abúlé tí ó yí ibẹ̀ ká, ìbátan wọn a sì bá wọn gbé.

Àwa tí a jìnnà sílé ńkọ́? Àwa ni ìbátan ara wa. Ẹ jẹ́ kí a bá ọ̀rẹ́ wa lọ ní ọjọ́ ìpàdé dókítà, kí a sì túmọ̀ èdè bí nọ́ọ̀sì kò bá gbọ́ Yorùbá. Dípò kí a bi í pé, "Ṣé o ti lo oògùn?", kí a bi í pé, "Báwo ni oògùn náà ṣe ń ṣe ọ́?" Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.