Ẹ Sọ Àìsàn Yín Kí Ẹ Tó Dúpẹ́

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá ní ọ̀sẹ̀ yìí jẹ mọ́ àṣà kan tí àrùn Kòrónà mú gbilẹ̀ láàrin wa, èyí ni bíbá dókítà sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù láì fojú kan ara ẹni. Ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn náà kì í ṣe ọ̀ràn pàjáwìrì fún gbogbo ayé mọ́, ṣùgbọ́n àṣà tí ó fi sílẹ̀ ṣì wà. Ó tọ́ kí a mọ bí a ṣe ń lò ó.

Ẹ óò rántí pé ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020 ni wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àrùn yìí ti wọ ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní oṣù kẹrin ó dé Ìpínlẹ̀ Kwara, ìjọba sì pàṣẹ pé kí olúkúlùkù jókòó sí ilé rẹ̀. Àwọn ará Òmù-Àrán àti Èsìẹ́ tí wọ́n ń lọ gba ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ súgà ní Ìlọrin kò rí ọ̀nà lọ mọ́. Ẹ̀rù sì ń ba àwọn mìíràn pé ilé ìwòsàn gan-an ni àwọn yóò ti kó àrùn náà. Báyìí ni tẹlifóònù ṣe di yàrá dókítà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń gbé: láti oṣù kẹta ọdún náà, orí tẹlifóònù ni dókítà ti kọ́kọ́ ń gbọ́ ẹjọ́ aláìsàn.

Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn kan ní Òmù-Àrán bí ó ti rí lára wọn. Inú bàbá kan dùn. Ó ní owó ọkọ̀ òun kù sí àpò, òun kò sì jókòó lórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ di ọ̀sán. Ṣùgbọ́n ìyá kan bi mí pé, "Dókítà tí kò fọwọ́ kàn mí, tí kò wo ìpéǹpéjú mi, kí ni ó rí tí ó fi kọ oògùn fún mi?" N kò fi í rẹ́rìn-ín, nítorí ojú l'ọ̀rọ̀ wà. Ìyá mìíràn ní ọmọ-ọmọ òun ni ó bá òun di tẹlifóònù mú. Ìtọ̀ ni ó ń dà á láàmú, ṣùgbọ́n ojú tì í lójú ọmọdé, orí fífọ́ nìkan ni ó sọ. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n ìtìjú a máa mú ni ṣe bẹ́ẹ̀.

Èyí tí ó bà mí lẹ́rù jù ni ti ìyá àgbàlagbà kan ní Èsìẹ́, tí mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tí dókítà pè é. Dókítà ní, "Màmá, ara ńkọ́?" Ìyá ní, "A dúpẹ́, ọmọ mi. Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?" Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí gbàdúrà fún dókítà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti wú láti ọjọ́ mẹ́ta, orí àga ni ó sì ń sùn jókòó, nítorí pé bí ó bá dùbúlẹ̀, èémí kì í dé. Ọmọbìnrin rẹ̀ ni ó gba tẹlifóònù tí ó tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni dókítà ní kí wọ́n gbé e wá sí ilé ìwòsàn. Ọkàn rẹ̀ ni kò lágbára tó mọ́ láti máa tú ẹ̀jẹ̀ ká. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, ó sì padà sí ilé. Bí ọmọ náà bá ti lọ sí ọjà ní ọjọ́ yẹn ńkọ́?

Ìyá náà kò purọ́. Ìwà ọmọlúàbí ni "a dúpẹ́" ní ilẹ̀ wa. Ẹnìkan kì í fi ẹnu ara rẹ̀ pe ara rẹ̀ ní olókùnrùn. Bí a bá wà níwájú dókítà, kò léwu, nítorí yóò rí i bí a ti ń di ògiri mú wọlé. Lórí tẹlifóònù, ẹnu wa nìkan ni ojú àti ọwọ́ dókítà. Nítorí náà ẹ gba ìmọ̀ràn wọ̀nyí.

Èkíní, bí ẹ bá ti kí dókítà tán, ẹ sọ ohun tí ń ṣe yín, ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀, àti ohun tí ń mú un le sí i.

Èkejì, ẹ kó gbogbo oògùn yín sí ẹ̀gbẹ́ yín kí ẹ ka orúkọ wọn. Ẹ má fi àgbo pamọ́. Bí wọ́n bá ti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, nọ́ńbà ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ ni kí ẹ sọ.

Ẹ̀kẹta, ẹ ní kí àwọn ọmọdé jáde. Bí ẹ bá nílò olùrànlọ́wọ́, ẹ mú àgbà tí ojú rẹ̀ kò ní tì yín.

Ẹ̀kẹrin, ẹ tún ohun tí dókítà wí sọ fún un, kí ẹ sì béèrè pé, "Bí n kò bá sàn, ọjọ́ wo ni kí n wá?"

Ẹ̀karùn-ún, àwọn àìsàn kan wà tí kì í ṣe ti tẹlifóònù: èémí tí kò dé, àyà tí ń dunni gan-an, ẹnu tí ó ṣàdédé wọ́ tàbí apá kan tí ó rọ, ẹ̀jẹ̀ lára aboyún, gìrì ọmọdé, ọmọ ọwọ́ tí kò lè mu ọmú. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀.

Mo bẹ ẹ̀yin dókítà náà: ẹ má fi "ara ńkọ́" mọ. Ẹ bi àwọn ìyá wa pé, "Báwo ni ẹ ṣe sùn lánàá? Ṣé ẹ lè dùbúlẹ̀?" Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ wà ní Èkó, ní Ìlọrin àti ní òkè òkun, bí Màmá bá ní "a dúpẹ́", ẹ tún béèrè.

Ọpẹ́ dára, Ọlọ́run ni kí a máa dá a fún. Àìsàn ni kí a sọ fún dókítà. Ọlọ́run yóò fún olúkúlùkù wa ní àlàáfíà.