Ìró Kan, Ìtumọ̀ Púpọ̀ Láàrin Àwọn Tí Ń Kọ Ètò Kọ̀ǹpútà

Gbogbo ẹni tí ó ti ka ìwé Yorùbá tí a kọ láìfi àmì ohùn sí i ni ó mọ ìyọnu tí ó wà nínú rẹ̀. Bí akọ̀wé bá kọ ọ, k àti ọ, tí ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ojú kò lè mọ̀ bóyá ọkọ ìyàwó ni ó ní lọ́kàn, tàbí ọkọ́ tí a fi ń roko, tàbí ọkọ̀ tí a ń wọ̀ lọ sí ìdálẹ̀, tàbí ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń jù. Ṣùgbọ́n bí ó bá là á lẹ́nu, ọ̀rọ̀ parí, nítorí ohùn ti yà wọ́n sọ́tọ̀. Ojú ni ó ṣìnà. Etí kò ṣìnà. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, òdìkejì èyí ni ó wọ́pọ̀: ojú a rí ọ̀rọ̀ méjì, etí a gbọ́ ẹyọ kan. Àwọn tí ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà sì wà lára àwọn tí èyí ń yọ lẹ́nu gidigidi, nítorí pé inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti fa ọ̀pọ̀ jùlọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wọn yọ, ìlú yòówù kí wọ́n ti wá.

Àwọn àgbà iṣẹ́ náà ti kíyè sí ewu yìí tipẹ́. Ní ọdún 1956, Werner Buchholz ti ilé-iṣẹ́ IBM ń wá orúkọ fún ìdìpọ̀ àwọn bit, èyíinì ni àwọn àmì 0 àti 1 tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣírò. Ọ̀rọ̀ tí ó wá sí i lọ́kàn ni "bite", tí í ṣe ohun tí eyín bù lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ó rò ó pé bí lẹ́tà tí ó gbẹ̀yìn bá jábọ́ lọ́wọ́ akọ̀wé, "bit" ni yóò kù, ìtumọ̀ yóò sì bàjẹ́. Ó fi y rọ́pò i, ó di "byte". Ọgbọ́n ńlá ni, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ojú ni. Etí kò jẹ nínú àǹfààní rẹ̀, nítorí "byte" àti "bite" kò yàtọ̀ lẹ́nu títí di òní.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó nira ni "cache". Láti inú èdè Faransé ni ó ti wá, ìpamọ́ ni ó sì jẹ mọ́. Nínú kọ̀ǹpútà, ibi kan ni tí a ń kó ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lò sí, kí ọwọ́ lè tètè tó o bí a bá tún fẹ́ ẹ, gẹ́gẹ́ bí ìyá olóúnjẹ ti í gbé ìkòkò iyọ̀ sí ẹ̀bá ààrò dípò kí ó máa wọ yàrá lọ bù ú nígbà gbogbo. Òyìnbó a máa pè é bí "cash", tí í ṣe owó. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà tún díjú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èdè Yorùbá kò ní ìró tí ó parí "catch". Ìró ṣ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rọ́pò rẹ̀. "Catch" pẹ̀lú sì jẹ́ àṣẹ nínú Java àti nínú àwọn èdè ètò mìíràn: òun ni ó ń gba àṣìṣe mú nígbà tí ètò bá ń ṣiṣẹ́, kí gbogbo rẹ̀ má bàa dá kú. Nítorí náà, níbi tí a bá ti ń kọ ètò fún báńkì ní Èkó, owó, ibi ìpamọ́ àti àṣẹ amúṣìṣe lè jáde lẹ́nu ní ìró kan ṣoṣo. Bí ọ̀gá bá sọ fún ọmọṣẹ́ tuntun pé "káàṣì" ni kò ṣe déédéé, èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí ó lọ wò? Bí ojú bá ń tì í láti béèrè, ó lè fi ọjọ́ kan gbáko wá ohun tí kò sọnù.

Bí a bá kúrò lórí odindi ọ̀rọ̀, a ó bá ìkékúrú, èyíinì ni orúkọ tí a fi lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọ̀rọ̀ ṣe. Níhìn-ín, ohun kan a máa ní ìró méjì. Ní ọdún 1974, Donald Chamberlin àti Raymond Boyce ti IBM, ní ìpínlẹ̀ California, gbé èdè kan jáde tí a fi ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àkójọ ìmọ̀, wọ́n sì pè é ní SEQUEL. Nígbà tí ó yá, a rí i pé ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi òfin gba orúkọ náà, wọ́n sì gé e sí SQL. Àwọn kan ń ka lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn mìíràn sì ń pè é ní orúkọ àtijọ́. Ẹni tí ó jẹ́ pé inú ìwé nìkan ni ó ti kọ́ iṣẹ́ lè rò pé ohun méjì ni wọ́n.

Ti GIF, tí CompuServe gbé jáde ní ọdún 1987 fún fífi àwòrán ránṣẹ́, tilẹ̀ ti di ìjà àjààjàtán. Ní ọdún 2013, Steve Wilhite tí ó ṣe é sọ ní gbangba pé ìró J ni kí a fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ kò gbà. Ọmọ Yorùbá tí ó mọ G nínú "gígùn" àti "igi" kò rí ìdí tí yóò fi gbà. Àwọn tí ó ṣe PNG kọ ọ́ sínú ìlànà rẹ̀ pé "ping" ni kí a máa pè é, ṣùgbọ́n Mike Muuss ti fi orúkọ yẹn sọ ètò mìíràn láti ọdún 1983, èyí tí ń kan ilẹ̀kùn kọ̀ǹpútà tí ó jìnnà láti mọ̀ bóyá onílé wà.

Ewu tí ó pọ̀ jù ni ti ìkékúrú tí ó ní ju ìtumọ̀ kan lọ. Ní ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn, CD jẹ́ àwo orin. Fún ẹni tí ó jókòó ti kọ̀ǹpútà Unix, àṣẹ ni tí ń gbé e láti inú àpò ìwé kan bọ́ sí òmíràn. Ìwọ̀nyí kò lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá, nítorí ibi tí a ti sọ ọ́ ti fi ìtumọ̀ hàn. Ṣùgbọ́n CD mìíràn wà, tí ó jẹ mọ́ fífi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà, òun pẹ̀lú sì pín sí méjì: "continuous delivery" àti "continuous deployment". Nínú ti ìṣáájú, a ó ṣe àtúnṣe, a ó dán an wò, a ó sì mú un gbára dì. Ṣùgbọ́n ènìyàn kan ni yóò fọwọ́ sí i kí ó tó jáde. Nínú ti èkejì, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ sí i: bí àtúnṣe bá ti yege nínú ìdánwò tí ẹ̀rọ ṣe fún un, ó ti dé ọ̀dọ̀ oníbàárà nìyẹn. Bí ènìyàn mẹ́fà bá jókòó ní ìpàdé, tí wọ́n fẹnu kò pé CD ni àwọn yóò máa lò, àwọn mẹ́ta lè jáde pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ẹnubodè kan wà tí oníbodè ń ṣọ́, kí àwọn mẹ́ta yòókù sì gbà pé a ti wó ẹnubodè. Kò sí ẹni tí ó purọ́, kò sí ẹni tí ó ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Ọjọ́ tí àṣìṣe bá gba ibẹ̀ kọjá ni wọn yóò tó mọ̀ pé ìpàdé méjì ni àwọn ṣe.

Àwọn kan a máa sọ pé bí a bá tú iṣẹ́ náà sí Yorùbá, ìyọnu yóò tán. Ní ti ìró, òtítọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, nítorí ohùn yóò ya ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Ní ti ìkékúrú, ó ṣòro. Fáwẹ̀lì ni ó bẹ̀rẹ̀ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá, pàápàá àwọn tí a ṣẹ̀dá láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe. Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà, tí a dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1945, ìbá di Ẹ.Ọ.O. bí a bá fi lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ pè é. Àkójọ ìmọ̀ yóò di A.I., àkọsílẹ̀ ìlànà yóò di A.I., àyẹ̀wò iṣẹ́ pẹ̀lú yóò di A.I. Lẹ́tà méjì yìí kan náà ni Òyìnbó ti fi sọ ọgbọ́n àtọwọ́dá ti ẹ̀rọ lórúkọ. Bí Yorùbá bá sì kà wọ́n pọ̀ ní ohùn ìsàlẹ̀, "àì" ni yóò jáde, èyí tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ àìmọ̀, àìgbọ́ àti àìlóye.