Ẹ YẸ INÚ RẸ̀ WÒ KÍ Ẹ TÓ SANWÓ: Bí a ṣe ń ra kọ̀ǹpútà alágbèéká tí yóò bá wa kalẹ́

  

Nígbà kan, bí ọmọ bá wọ yunifásítì, tìmùtìmù, ìkòkò, sítóòfù àti gààrí ni ìyá rẹ̀ máa ń rà fún un. Lónìí, kọ̀ǹpútà alágbèéká, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní laptop, ti wọ inú ìwé ẹrù náà. Àwọn kan nínú wa pàápàá ti ń fi ṣe ìṣirò ọjà, àwọn tó ń ránṣọ sì ń fi ya àwòrán aṣọ. Ṣùgbọ́n ibo lowó rẹ̀ ti ń wá? Inú àjọ ni, inú owó alájẹṣẹ́kù ni, nígbà mìíràn inú owó ọjà gan-an ni. Bí ẹ bá yọ owó ọjà ra kọ̀ǹpútà, tí kọ̀ǹpútà sì kú lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìsọ̀ yín ló dín kù yẹn. Kò sí oníbàárà tó máa dá a padà fún yín.

Ẹ sì mọ̀ pé ọwọ́n gógó ti bá ọjà yìí. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti jẹ́ kí náírà máa wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà, dọ́là tó wà ní nǹkan bí ₦460 ti kọjá ₦1,500 ní ọdún 2024. Òkè òkun ni kọ̀ǹpútà ti ń wá, dọ́là sì ni wọ́n fi ń rà á. Nítorí náà, àṣìṣe tó jẹ́ kékeré tẹ́lẹ̀ ti di gbèsè ńlá báyìí. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò, bí a ṣe ń yẹ ẹ̀wà wò ká tó gbé àpò.

ṢÉ Ẹ TILẸ̀ NÍLÒ RẸ̀?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyí. Bó bá jẹ́ pé kí ẹ fi owó ránṣẹ́ ní báńkì, kí ẹ fi fọ́tò ọjà ránṣẹ́ sí oníbàárà, kí ẹ sì kọ ẹni tó jẹ yín lówó sílẹ̀ ni, fóònù tó dára tó. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti kọ̀ǹpútà sí yín lọ́rùn.

Bó bá jẹ́ nítorí ìdánwò JAMB ni, ẹ gbọ́ o: lóòótọ́, láti ọdún 2015 ni gbogbo ọmọ ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò náà, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tó wà ní gbọ̀ngàn ìdánwò ni wọ́n ń lò. Kò sí ọmọ tó ń gbé tirẹ̀ lọ. Ohun tí ọmọ nílò ni kó ti mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ó lè kọ́ ìyẹn ní ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà àdúgbò, kí owó ńlá má baà jáde.

Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti wọ yunifásítì tàbí politẹ́níìkì, tó ń kọ iṣẹ́ àṣetiléwá olójú ewé púpọ̀, nílò rẹ̀. Ọlọ́jà tó ń tọ́jú ìwé ọjà tó pọ̀, tó ní ìsọ̀ méjì mẹ́ta, nílò rẹ̀ náà.

TUNTUN NI TÀBÍ TÒKUNBỌ̀?

Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù nìyí. Ọ̀pọ̀ ìyá máa ń sọ pé, “Tuntun ni mo fẹ́ fún ọmọ mi, mi ò ra àlòkù.” Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa.

Kọ̀ǹpútà tuntun tí owó rẹ̀ kéré jù lọ lórí àtẹ, Celeron ni ẹ́ńjìnnì ọ̀pọ̀ nínú wọn. RAM rẹ̀ máa ń jẹ́ 4GB, ibi ìkẹ́rùsí rẹ̀ kò ju 64GB lọ, wọ́n sì ti jó o mọ́ ara pátákó inú, kò ṣeé pààrọ̀. Bí ẹ bá gbé Windows sórí rẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Ọmọ á máa tẹ̀ ẹ́, á máa yí bírí-bírí, kò ní dáhùn. Tuntun ni lóòótọ́, ó ń dán, ó wà nínú páálí, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò tó.

Ẹ wá wo tòkunbọ̀ tí wọ́n ń pè ní HP EliteBook, Dell Latitude tàbí Lenovo ThinkPad. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ní òkè òkun ló máa ń ra irú èyí fún òṣìṣẹ́ wọn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọ́n á kó wọn tà, àwọn oníṣòwò wa á kó wọn wọlé. Wọ́n ṣe wọ́n fún iṣẹ́ àṣekára: ìdè ojú rẹ̀ le, bọ́tìnnì rẹ̀ lágbára, a lè ṣí ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ nínú wọn láti fi RAM kún un tàbí láti pààrọ̀ bátìrì. Ẹ̀yà ara wọn sì wà káàkiri lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún un ṣe. Òmíràn dúdú, kò lẹ́wà, ó dà bí àpótí. Ṣùgbọ́n inú ìkòkò dúdú lẹ̀kọ funfun ti ń jáde.

Nítorí náà, bí owó bá pọ̀ dáadáa, ẹ ra tuntun tó lágbára. Bí owó bá mọ níwọ̀n, tòkunbọ̀ tó dára sàn ju tuntun tí kò lágbára lọ.

OHUN MẸ́RIN TÍ Ẹ GBỌ́DỌ̀ BÉÈRÈ

Ẹ má béèrè àwọ̀ rẹ̀. Àwọn mẹ́rin yìí ni kí ẹ béèrè:

1. Ìkẹ́rùsí. Ẹ sọ pé SSD lẹ fẹ́, kì í ṣe HDD. HDD ní àwo kan nínú tó ń yí. Bó bá ṣubú tàbí tí wọ́n gbé e gbọ̀n nínú dánfó, ó lè bàjẹ́, kò sì yára. SSD kò ní ohun tó ń yí nínú. Ọlọ́jà lè sọ pé, “Màámi, 500GB ni HDD yìí, SSD yẹn 256GB péré ni.” Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà tan yín. SSD 256GB lẹ máa mú.

2. RAM. 8GB ni kó jẹ́, ó kéré tán. Ẹ wò ó bíi tábìlì ìpàtẹ: bí tábìlì bá kéré, bí ọjà ẹ̀yìn ìsọ̀ tilẹ̀ pọ̀, díẹ̀ lẹ lè pàtẹ lẹ́ẹ̀kan.

3. Ẹ́ńjìnnì. Core i5 tó fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Core i3 náà lè ṣe é bí kò bá darúgbó.

4. Ọjọ́ orí ẹ́ńjìnnì náà. Èyí ni wọ́n fi ń rẹ́ wa jẹ jù. Wọ́n á ní “i7 ni o!” wọ́n á sì bu owó lé e, ṣùgbọ́n i7 àtijọ́ lè má tó i5 tuntun. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, àkísà kọ́ là ń wá.

Báwo la ṣe ń ka ọjọ́ orí rẹ̀? Ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé i5. Bó bá jẹ́ i5-6300U, 6 ló ṣáájú, ìran kẹfà ni. i5-8250U, ìran kẹjọ ni. Bó bá jẹ́ 1 ló ṣáájú, ẹ ka nọ́ńbà méjì: i5-1135G7, ìran kọkànlá ni.

Kí ló dé tí èyí fi ṣe pàtàkì? Nítorí pé ní ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Microsoft dá àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró. Windows 11 ló kù, ìran kẹjọ ti Intel lọ sókè ni ó sì fọwọ́ sí. Kọ̀ǹpútà tó wà lórí Windows 10 kò kú o, ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n odi ilé rẹ̀ ti ń sán, wọn kì í rẹ́ ẹ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà wọ báńkì kò gbọdọ̀ fojú kéré ìyẹn. Ìdí sì nìyí tí wọ́n fi ń ta ìran kẹfà àti ìkeje lọ́pọ̀ báyìí. Bẹ́ẹ bá rí i tó pọ̀ jù, ẹ bi ara yín pé kí ló dé.

BÍ Ẹ DÉ ÌSỌ̀

Ìbáà jẹ́ Computer Village ní Ìkẹjà, ìbáà jẹ́ Queen Cinema n’Íbàdàn, ẹ má dá nìkan lọ bí ojú yín kò bá mọ̀ ọ́n. Ẹ mú ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà dání. Òwúrọ̀ ni kí ẹ lọ, kí ìmọ́lẹ̀ lè wà, kí ẹ má sì máa kánjú. Ẹ má tẹ̀ lé ọmọ tó ń fa èèyàn lọ́wọ́ lójú títì. Inú ìsọ̀ tó ní orúkọ lára ògiri ni kí ẹ wọ̀. A ti gbọ́ ti ẹni tó san owó tán, tó délé tó bá ọṣẹ nínú páálí.

Kí ẹ tó kówó jáde, ẹ ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí:

Ẹ ní kí wọ́n pa á, kí wọ́n sì tàn án lójú yín. SSD tó dára kì í pẹ́ kó tó ṣí.

Ẹ wọ Settings, ẹ tẹ System, lẹ́yìn náà About. Ẹ ó rí ẹ́ńjìnnì àti RAM níbẹ̀. Ohun tí ẹ bá rí níbẹ̀ ni kí ẹ gbà gbọ́. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ kò tó nǹkan, ẹnikẹ́ni lè lẹ̀ ẹ́.

Ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹ wo kámẹ́rà, ẹ so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì láti inú fóònù yín. Ẹ ki fláàṣì sí gbogbo ojúhò rẹ̀.

Ẹ ṣí ojú funfun gbalaja lórí rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá àmì tàbí ìlà wà. Ẹ ṣí i, ẹ pa á dé. Bí ìdè rẹ̀ bá ń dún tàbí tó ń jò lọ, ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ yọ ṣájà kúrò, kí ẹ lò ó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí bátìrì bá ti 100 já sí 60 láàárín ìgbà yẹn, bátìrì náà ti ń lọ. Ọmọ tó mọ̀ ọ́n lè tẹ powercfg /batteryreport, yóò sọ ohun tí bátìrì lè gbà nígbà tó wà ní tuntun àti ohun tó ń gbà báyìí. Bó bá jẹ́ 50,000 tẹ́lẹ̀, tó kù 40,000, ó ṣì dára. Bó bá kù 20,000, ẹ yọ owó bátìrì kúrò nínú owó rẹ̀.

Ẹ ní kí wọ́n wọ BIOS lójú yín. Bó bá ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà tí ọlọ́jà kò mọ̀, ẹ dìde. Ilé-iṣẹ́ òkè òkun lè ti tì í pa, tàbí kó jẹ́ ẹrù olè. Bákan náà ni MacBook tó bá ń béèrè orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín: ẹ má rà á.

Ẹ kíyè sí Chromebook náà. Owó rẹ̀ kì í pọ̀, ó sì jọ ìyókù, ṣùgbọ́n kì í lo Windows, íntánẹ́ẹ̀tì ló sì ń fi ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Ó tún ní ọjọ́ tí àtúnṣe rẹ̀ máa dópin. Bí dátà kò bá sí, ọwọ́ ọmọ á ká.

RÌSÍÌTÌ KÌ Í ṢE Ẹ̀BẸ̀

Ẹ̀yin tó máa ń kọ ìwé fún oníbàárà, ẹ gba tiyín náà. Kí wọ́n kọ orúkọ kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà ara rẹ̀ (ó wà ní abẹ́ rẹ̀), RAM, SSD, iye owó, àti ọjọ́ tí wọ́n fún yín láti dá a padà bó bá ní àlébù. “Ẹ máa lọ, kò sí wàhálà” kì í ṣe àdéhùn. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ san owó náà sí àkáǹtì ìsọ̀, kí ẹ̀rí lè wà. Bí ọ̀rọ̀ bá dojú rú, òfin ọdún 2018 ti dá àjọ FCCPC sílẹ̀ láti gba ẹjọ́ oníbàárà tí wọ́n rẹ́ jẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè.

BÍ Ẹ BÁ GBÉ E DÉLÉ

A kì í bọ́ adìẹ lọ́jọ́ ọjà. Ìtọ́jú ọjọ́ kan ò tó. Ẹ má so ó mọ́ jẹnẹrétọ̀ láìsí ohun tó ń mú iná dọ́gba. Ẹ má gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Ojúhò tí ooru ń gbà jáde á dí. Bí ẹ bá rí i tí bátìrì rẹ̀ wú, ẹ má lò ó mọ́, ẹ má gún un, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Iná lè sọ níbẹ̀.

Ẹ sì máa kó ìwé ọjà yín sí ibì kejì, bóyá sínú fláàṣì tó wà nílé, bóyá sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ rántí iná tó jó ní ọjà Balógun l’Ékòó ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, tó tún jó ní oṣù kìíní ọdún 2020. Ẹni tí ìwé gbèsè oníbàárà rẹ̀ bá jó mọ́ ìsọ̀, ọjà rẹ̀ jó, owó tó wà níta náà bá a lọ. Kọ̀ǹpútà lè jó kí ìwé inú rẹ̀ má jó, bó bá ti wà níbòmíràn.

Ẹ̀yin ìyá wa, kò sí ẹni tó lè kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń nájà. Ẹni tó bá mọ ìrẹsì tó ti pẹ́ nínú àpò, tó mọ àǹkárá tó máa ṣí, á mọ kọ̀ǹpútà bó bá ti mọ ohun tó máa wò. Ẹ gé ojú ìwé yìí, ẹ fún ọmọ tó máa bá yín lọ. Ojú l’alákàn fi ń ṣọ́rí. Owó wa ò ní ṣòfò, àwọn ọmọ wa á kàwé yege, ọjà á tà, àṣẹ.