Ìwé Òjò Ọdún Kan

Àgbẹ̀ kan ní Ogbooro lè sọ pé, "Òjò èṣí dára ju ti ọdún yìí lọ." Ẹnì kejì lè ní irọ́ ni. Ta ni ó jàre? A kò lè dá ẹjọ́ náà, nítorí pé kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré o. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá tan àgbẹ̀ jẹ, tí ó gbin àgbàdo, tí ọ̀dá sì dá lẹ́yìn rẹ̀, irúgbìn á jóná sínú ilẹ̀. Owó ti lọ, agbára ti lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kọ, ẹ lè wọn òjò nílé yín. Ẹ wá agolo tí ìdí rẹ̀ tẹ́jú, tí ẹnu àti ìdí rẹ̀ fẹ̀ bákan náà. Ẹ gbé e sí gbangba, kí ó jìnnà sí igi àti ògiri. Ẹ rì í mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e ṣubú, ṣùgbọ́n kí ẹnu rẹ̀ ga, kí omi ilẹ̀ má baà ta sí i.

Láràárọ̀, ní aago kan náà, ẹ ki rúlà bọ inú agolo náà. Ẹ rí i pé etí rúlà gan-an ni òdo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ìlà kéékèèké orí rẹ̀ ni à ń pè ní mìlímítà. Ẹ ka ibi tí omi dé, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ oṣù, kí ẹ sì da omi náà nù.

Bí òjò kò bá rọ̀, ẹ kọ òdo. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lọ sí Ṣakí, tí ẹ kò wọ̀n ọ́n, ẹ má kọ òdo o! Ẹ fa ìlà síbẹ̀. Òdo ni pé òjò kò rọ̀. Ìlà ni pé a kò mọ̀. Nígbà tí ẹ bá dé, ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé omi inú agolo ju ti ọjọ́ kan lọ.

Bí ọdún bá parí, ẹ ṣírò nǹkan mẹ́rin:

1. Àròpọ̀ òjò oṣù kọ̀ọ̀kan, àti ti gbogbo ọdún.
2. Iye ọjọ́ tí òjò rọ̀.
3. Ọjọ́ òjò àkọ́kọ́ àti ọjọ́ òjò ìkẹyìn.
4. Ọ̀dá tí ó gùn jù lọ láàárín ìgbà òjò.

Kí ló dé tí àròpọ̀ nìkan kò tó? Ẹ jẹ́ kí a fi ọdún méjì ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní mìlímítà 1,000 ni òjò ọdún méjèèjì. Ní ọdún kìíní, òjò rọ̀ ní ọjọ́ 80, ọ̀dá kò sì ju ọjọ́ 8 lọ. Ní ọdún kejì, ọjọ́ 45 péré ni òjò rọ̀, ọ̀dá sì dá fún ọjọ́ 24 lẹ́yìn tí a gbin àgbàdo. Àròpọ̀ bára mu, ṣùgbọ́n ìkórè kò lè bára mu.

Lónìí, ẹ̀rọ wà tí a ń gbé sí àgbàlá, tí ń wọn òjò fúnra rẹ̀. Ó ń fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà a sì ṣe ìṣirò ọdún. Ṣùgbọ́n bí bátìrì rẹ̀ bá kú fún ọ̀sẹ̀ kan, òjò ọ̀sẹ̀ náà kò ní sí nínú àròpọ̀. Ẹni tí ó ní ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka iye ọjọ́ tí ó sọnù.

NiMet, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń ṣọ́ ojú ọjọ́, máa ń kéde lọ́dọọdún ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n agbègbè ńlá ni ìkéde náà wà fún; agolo yín ni yóò sọ ti oko yín.

Ọdún kan kò tó láti mọ ìwà òjò. Ọgbọ̀n ọdún ni àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ fi ń mọ ohun tí ibì kan máa ń rí. Nítorí náà, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì kọ́ ọmọ yín. Ojú máa ń gbàgbé òjò, ìwé kì í gbàgbé.

Ìbéèrè: Kí ni ìyàtọ̀ òdo àti ìlà nínú ìwé òjò?