Peugeot 504 tó ń hó bí ìkòkò: Ẹ wo ibi tó ti ń gbóná kí ẹ tó ní kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì

Ẹni tó bá ń gba Dùgbẹ̀ kọjá lọ́sàn-án gangan, nígbà tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ bá ti le lẹ́bàá Ilé Awòṣífìlà, kò ní í pẹ́ kó tó rí ọkọ̀ àtijọ́ kan tí wọ́n ṣí bónẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, tí ooru omi ń rú tùù jáde lára rẹ̀. Bó bá wá jẹ́ Peugeot 504 tí ẹni tó ni ín ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe, tó kùn ún ní ọ̀dà tuntun, tó sì rán ìjókòó rẹ̀, ẹ̀dùn ọkàn gidi ni. Kì í sì í ṣòro láti rí mekáníìkì tí yóò sọ lójú ẹsẹ̀ pé tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó, kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì.

Owó ńlá ni títú ẹ́ńjìnnì. Ohun tó yẹ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa mọ̀ ni pé ọkọ̀ fúnra rẹ̀ máa ń sọ ohun tó ń ṣe é. Ibi tó ti gbóná àti ìgbà tó gbóná ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀.

Ọdún 1968 ni ilé iṣẹ́ Peugeot ní ilẹ̀ Faransé gbé 504 jáde, wọ́n sì fi í ṣe ọkọ̀ tó peregedé jù lọ nílẹ̀ Yúróòpù ní 1969. Ní 1975 ni Peugeot Automobile Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Kàdúná, wọ́n sì ń to 504 níbẹ̀ títí di 2006. Ẹ̀yin àgbà ò ní í gbàgbé pé ọkọ̀ àwọn ọ̀gá ìjọba ni nígbà náà. Òun náà ni wágìnnì tó ń kó èrò láti gáréèjì kan dé òmíràn, òun náà sì ni pikọ́ọ̀pù tó ń kó kòkó àti iṣu wá láti oko. Ìdí nìyí tí àwọn kan kò fi lè ta èyí tí bàbá wọn fi sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí a bá ní a ń tún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe, ara rẹ̀ la sábà máa ń tún ṣe. Panẹbítà ṣe tirẹ̀, ọlọ́dà ṣe tirẹ̀, ìpẹtà ọgbọ̀n ọdún tó wà nínú rédíétọ̀ sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, nínú àwọn tó ń tún Mustang àti Pontiac GTO ayé ọdún 1960 sí 1969 ṣe, a máa ń rí ẹni tó gbé ẹ́ńjìnnì tó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ sínú ọkọ̀, tó sì fi rédíétọ̀ àtijọ́ sílẹ̀. Ọkọ̀ a wá máa hó.

Bó bá jẹ́ inú gó-síló ló ti ń gbóná

Bí ọkọ̀ bá ń gbóná ní Dùgbẹ̀, ṣùgbọ́n tí ọwọ́ aago ìgbóná ń sọ̀ kalẹ̀ bó bá ti bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó, ẹ kọ́kọ́ wo fáànù. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn ojú ọ̀nà ló ń ṣe iṣẹ́ fáànù. Bó bá dúró, fáànù nìkan ló kù.

Fáànù 504 sì yàtọ̀, nítorí kì í fi gbogbo ìgbà yí tagbáratagbára. Orí ọ̀pá pọ́ńpù omi ló wà. Nígbà tí omi bá tutù, ó kàn ń yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni. Bí omi bá gbóná dé àyè kan, súwíìṣì kékeré tó ń mọ ìgbóná yóò jẹ́ kí iná wọlé, òòfà oníná yóò gbá fáànù mú, yóò sì máa bá ẹ́ńjìnnì yí. Ara kábọ́ọ̀nù kékeré kan ni iná yìí ń gbà kọjá, irú èyí tó wà nínú dáínámò, ó sì ń jẹ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tán. Bí kábọ́ọ̀nù bá tán, tí súwíìṣì bá kú, tàbí tí wáyà bá já, fáànù yóò máa yí bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, kò sì ní í fẹ́ atẹ́gùn tó nílááárí. Iṣẹ́ rewáyà nìyí, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó títú ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ká apá agbádá yín, nítorí fáànù náà lè gbéra lójijì.

Bó bá jẹ́ eré tàbí ẹrù ló ń mú un gbóná

Èyí tó tutù ní ìlú, tó wá ń gbóná lórí eré, lórí òkè, tàbí nígbà tó bá ru ẹrù, rédíétọ̀ rẹ̀ ló yẹ kí ẹ fura sí. Omi kànga tí a ń rọ sínú rẹ̀ láti ọdún yìí dé ọdún yìí ní èròjà tó ń lẹ̀ mọ́ inú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀, ìpẹtà ẹ́ńjìnnì a sì dà pọ̀ mọ́ ọn. Níta, erùpẹ̀ àti kòkòrò a dí ihò atẹ́gùn. Lẹ́yìn tí ẹ bá pa ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná, ẹ rọra fi ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ ojú rédíétọ̀ káàkiri. Bí apá kan bá gbóná gan-an, tí apá kan sì tutù, omi kò kọjá níbi tó tutù yẹn. Rédíétọ̀ àtijọ́ onídẹ ṣeé tú, ẹni tó mọ̀ ọ́n jó yóò gún inú rẹ̀, yóò sì tún un jó padà.

Èyí tó bá gbóná láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ẹ ṣíná sí i, ẹ wo bóyá omi dín, bóyá bẹ́líìtì ti já, tàbí bóyá tamosítáàtì ti gan. Tamosítáàtì ni ilẹ̀kùn kékeré tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì yóò fi móoru. Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò ní ilé ìdáná: ẹ sọ ọ́ sínú ìkòkò omi lórí sítóòfù, ó yẹ kó ṣí kí omi tó hó. Àwọn mekáníìkì wa fẹ́ràn láti yọ ọ́ sọnù, wọ́n ní ìlú wa gbóná, a kò nílò rẹ̀. Èmi kò fara mọ́ èyí. Ẹ́ńjìnnì tí kò móoru dáadáa ń jẹ epo, ó sì ń tètè gbó. Bó bá sì jẹ́ rédíétọ̀ ló dí, bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Ẹni tó ní Volkswagen Ìjàpá lè máa rẹ́rìn-ín. Tirẹ̀ kò ní rédíétọ̀ rárá, atẹ́gùn àti ọ́ìlì ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára.

Nígbà tó bá jẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì lóòótọ́

Irin ni ara ẹ́ńjìnnì 504, ṣùgbọ́n alumíníọ́ọ̀mù ni hẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Bí ìgbóná bá pọ̀ jù, hẹ́ẹ̀dì a tẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì a jó. Àmì rẹ̀ kò fara sin: omi ń dín láìsí ibi tó ń jò, èéfín funfun kò dẹ́kun nídìí sáléńsà, ọ́ìlì ń dà bí ògì, tàbí omi rédíétọ̀ ń yọ ìfóòfó bí ẹ bá ti ṣíná sí ọkọ̀ tó tutù tí ìdérí rẹ̀ wà ní ṣíṣí. Bí ẹ bá rí èyí, ẹ má wà á mọ́. Bí wọ́n bá tú hẹ́ẹ̀dì, ẹ rí i pé wọ́n fi irin gbọọrọ wò ó bóyá ó ṣì tẹ́jú kí wọ́n tó fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i. Hẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti fá léraléra a máa fẹ́lẹ́ jù. Ọjà Ararọ̀mí ní Agodi-Gate sì ni ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn ti ń wá òmíràn, èyí tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ mìíràn ni ẹ sì máa rí jù.

Bó bá hó lójú ọ̀nà, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ pa á, kí ẹ sì dúró tó nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìdérí rédíétọ̀ ń sé omi mọ́lẹ̀ kó má baà hó nígbà tó bá kọjá 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ẹ bá ṣí i ní gbígbóná, gbogbo rẹ̀ á tú sókè lójú yín. Bí ìdérí náà ti ṣeé dì mú láìfi ẹ̀kúsà wé ọwọ́, ẹ lè ṣí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi ẹ́ńjìnnì sí iṣẹ́ kí ẹ tó máa rọ omi sí i, nítorí omi tútù tí a bá dà lójijì sínú ẹ́ńjìnnì tó ń jó lè mú kí hẹ́ẹ̀dì sán.