Ìjàpá Tàbí Píjò: Èwo Ni Ó Yẹ Láti Pa Mọ́ Kí A sì Tún Dá?

Ẹni tí ó bá ń ti Ìbàdàn lọ sí Ilé-Ifẹ̀ yóò kan Ìkirè, bóyá yóò sì dúró ra dòdò Ìkirè, kí ó tó bọ́ sí Àpòmù láìfura, nítorí àwọn ìlú méjèèjì ti fara kínra tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò kì í fi í mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Ojú ọ̀nà ni àwọn ìlú wọ̀nyí ti ń jẹun láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19, ọjà Àpòmù ni àwọn ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti máa ń pàdé, rògbòdìyàn tí ó sì bẹ́ sílẹ̀ nínú ọjà náà wà lára ohun tí ó fa ogun Òwu. Nígbà tí ẹsẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ gba ipò rẹ̀, ọkọ̀ náà di ohun tí a ń fi mọ ipò ènìyàn láàrin ìlú. Títí di òní, kò ṣòro láti rí ògbólógbòó ọkọ̀ kan lẹ́yìnkùlé olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, tàbí ní ilé oníṣòwò kòkó tí ó ti di olóògbé. Bí kò bá jẹ́ Volkswagen tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìjàpá, yóò jẹ́ Peugeot 504, èyí tí ẹnu ti sọ di Píjò.

Ní ilé mìíràn, méjèèjì ni ó wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń di àríyànjiyàn láàrin àwọn ọmọ: ọ̀kan ni owó wọn ká, èkejì yóò lọ. Kì í ṣe àtúnṣe lásán ni wọ́n sì ní lọ́kàn, pé kí ọkọ̀ ṣáà lè rìn. Àtúndá ni, kí ó sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí ìdúró rẹ̀ yàtọ̀, kí ojú tí ó bá rí i má lè mójú kúrò.

Àwọn ọ̀dọ́ a máa rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá gbọ́ pé ọkọ̀ ìdíje ni méjèèjì, nítorí lójú tiwọn, ọkọ̀ bàbá arúgbó ni wọ́n. Ìtàn kò gbè wọ́n. Ní ọdún 1953 ni ìdíje ọkọ̀ Safari bẹ̀rẹ̀ ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, nínú ẹrẹ̀, eruku àti òkúta, lórí ọ̀nà tí kò sàn ju ọ̀nà oko Ìkirè lọ nígbà òjò. Ìjàpá gba ipò kìíní níbẹ̀ ní ọdún 1954, 1957 àti 1962. Peugeot 404, ẹ̀gbọ́n 504, gbà á ní 1963, 1966, 1967 àti 1968. Ní 1975, Ove Andersson fi 504 gbégbá orókè. Ní 1978, Jean-Pierre Nicolas fi 504 onílẹ̀kùn méjì ṣe bákan náà. Kì í ṣe pé ọkọ̀ wọ̀nyí yára ju gbogbo ọkọ̀ yòókù lọ. Ohun tí wọ́n fi borí ni pé wọn kì í tètè fọ́, bí wọ́n bá sì fọ́, a lè tún wọn ṣe lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹni tí ó bá fẹ́ tún ọkọ̀ dá kò gbọdọ̀ gbàgbé èyí, nítorí ohun àkọ́kọ́ tí àtúndá àìmọ̀ máa ń bàjẹ́ ni agbára ìfaradà náà.

Ọdún kan náà ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í to méjèèjì. Ní oṣù kẹta ọdún 1975, ilé-iṣẹ́ Peugeot ṣí ní Kàdúná, ti Volkswagen sì ṣí ní ọ̀nà Ọ̀jọ́ ní ìlú Èkó. Ó bọ́ sí àkókò tí owó Údojì wọ ọwọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, tí olùkọ́ tí ó ti ń gun kẹ̀kẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́ wá rí ọ̀nà ra ọkọ̀. Nítorí náà, ọkọ̀ tí ó wà lẹ́yìnkùlé yẹn kì í ṣe irin lásán fún àwọn ọmọ. Òun ni ó gbé wọn lọ sí ilé-ìwé, òun ni ó sì gbé ìyàwó tuntun wọlé. Ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣòro láti fi wọn nǹkan, ó sì yẹ kí a kọ́kọ́ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan ná, kí ìpinnu lè bọ́ sí ojú ọ̀nà.

Bí a bá wo Ìjàpá, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, atẹ́gùn ni ó sì ń tù ú, kò ní rédíétọ̀, kò mu omi. Ní oko tí omi ti jìnnà, oore ńlá ni èyí. Ṣùgbọ́n bẹ́líìtì kan ṣoṣo ni ó ń yí fáànù tí ń fẹ́ ẹ. Bí ó bá já, tí awakọ̀ kò sì tètè rí iná pupa tí ó tàn níwájú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì yóò jóná láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọ́ìlì rẹ̀ kò ju lítà méjì àbọ̀ lọ, asẹ́ wáyà ni ó sì ń sẹ́ ẹ, kì í ṣe fílítà gidi. Nítorí náà, ẹni tí kì í pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò kò gbọdọ̀ ní Ìjàpá rárá.

Ohun tí ó sọ Ìjàpá di àyànfẹ́ àwọn alátùn-ún-dá káàkiri ayé wà lábẹ́ rẹ̀. Ara rẹ̀ àti pẹpẹ irin tí ó jókòó lé jẹ́ ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí a fi bóòtù dè pọ̀. Bí a bá tú àwọn bóòtù náà, ọkùnrin mẹ́fà lè gbé ara ọkọ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ́ńjìnnì, gíà àti ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà lórí pẹpẹ. Èyí ni Bruce Meyers rí ní Kalifóníà ní àwọn ọdún 1960 tí ó fi gé pẹpẹ náà kúrú, tí ó sì fi fáíbà ṣe ara tuntun lé e lórí fún eré orí iyanrìn etí òkun. Ẹ́ńjìnnì 1300 ṣeé yọ, kí a fi 1600 dípò rẹ̀ láìgé irin púpọ̀. Ígálà tí ilé-iṣẹ́ Èkó tò nígbà kan, ọmọ Brasília ti ilẹ̀ Bùràsíìlì, irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ni ó ń lò, òkú Ígálà sì ti wo ọ̀pọ̀ Ìjàpá sàn.

Ṣùgbọ́n ewu wà níbẹ̀ tí àwọn tí ń yin Ìjàpá kì í sábà sọ. Nínú ọ̀pọ̀ Ìjàpá, bí irin ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ṣe so mọ́ gíà mú kí táyà fẹ́ ká sábẹ́ ọkọ̀ bí a bá fi eré ya kọ́nà, pàápàá bí awakọ̀ bá fi ìbẹ̀rù gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́ró lójijì. Bírékì onídúrọ́ọ̀mù ni ó sì pọ̀ lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọn. Kí a wá sọ agbára irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ di ìlọ́po méjì, kí a sì gbé e bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn sí Ifẹ̀ láàrin àwọn tírélà? Wọ́n bi Ìjàpá inú àlọ́ pé ìgbà wo ni yóò ti àjò dé, ó ní ó di ìgbà tí òun bá tẹ́. Ti ọkọ̀ yìí lè burú ju títẹ́ lọ.

Ní ti 504, ọkọ̀ mìíràn pátápátá ni. Iwájú ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, omi ni ó ń tù ú, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ó sì ń tì í lọ. Láti ọdún 1970 ni ẹ́ńjìnnì onílítà méjì ti dé inú rẹ̀. Sípíríǹgì rẹ̀ gùn, ó rọ̀, ó sì ń gbé kòtò mì láìmi àwọn èrò inú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹ̀yà rẹ̀ oníjókòó mẹ́ta fi di ọ̀gá lójú ọ̀nà jíjìn nígbà kan. Ó kéré tán, bírékì díìsìkì wà níwájú rẹ̀. Ohun tí àwọn mẹkáníìkì sì fi ń fẹ́ràn rẹ̀ jù lọ ni pé a kò gbẹ́ ojú ihò sílíńdà rẹ̀ sára irin ẹ́ńjìnnì. Sílíìfù mẹ́rin ni a kì bọ̀ ọ́, tí omi yí wọn ká. Bí wọ́n bá jẹ, a óò fà wọ́n yọ, a óò fi tuntun sí i pẹ̀lú písítìn àti ríìngì tuntun, ẹ́ńjìnnì yóò sì padà di ọmọdé. Ìkìlọ̀ ibẹ̀ ni pé tọ́ọ̀pù rẹ̀ kì í fara da gbígbóná jù. Ẹni tí ó bá wà á láìsí omi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè rí i kí ó wọ́.

Àléébù 504 fún ẹni tí ó fẹ́ yí ọkọ̀ padà ni pé kò ní ṣáàsí ọ̀tọ̀. Ara rẹ̀ gan-an ni ṣáàsí rẹ̀. Ẹni tí ó bá gé òrùlé rẹ̀ láti sọ ọ́ di aláìlórùlé ti gé egungun ẹ̀yìn rẹ̀ nìyẹn, ìlẹ̀kùn kò sì ní pa dé mọ́ láìpẹ́. Bákan náà ni ìpẹtà: bí ó bá jẹ irin abẹ́ ìlẹ̀kùn àti ti abẹ́ ìjókòó, kò sí ọ̀dà tí yóò bò ó mọ́lẹ̀, bí ó ti wù kí panẹ́bítà náà mọ iṣẹ́ tó. Nínú Ìjàpá, a lè pààrọ̀ pẹpẹ abẹ́ lápá kan kí a sì gbé ara rẹ̀ padà. Nínú 504, wíwẹ́dì láìwọn ọkọ̀ lè mú kí ó máa rìn ní ẹ̀gbẹ́ bí akàn títí ayé.

Nítorí náà, kí ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì tó wáyé rárá, òòlù kékeré àti iná tọ́ọ̀ṣì ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ mú, kí a sùn sábẹ́ ọkọ̀ méjèèjì, kí a máa kan irin wọn. Irin tí ó bá dún gbọin ṣì wà láàyè. Èyí tí ó bá dún bí páálí ti kú. Ìṣẹ́jú ogún yìí máa ń yanjú àríyànjiyàn tí ẹbí ti ṣe fún odindi ọdún. Ẹ́ńjìnnì ṣeé rà. Ara ọkọ̀ tí ó ti jẹrà kò ṣeé rà mọ́, nítorí pé Ìjàpá tí ó kẹ́yìn ní ayé jáde ní Puebla, ní ilẹ̀ Mẹ́síkò, ní oṣù keje ọdún 2003, lẹ́yìn ohun tí ó ju mílíọ̀nù 21 lọ; wọn kò sì to 504 mọ́ ní Kàdúná.

Bí irin méjèèjì bá wá le bákan náà ńkọ́? Níbẹ̀, ohun tí a fẹ́ lo ọkọ̀ fún ni yóò dájọ́. Ẹni tí ó ní ọmọ mẹ́rin, tí ó sì ń lọ sí Orílé-Òwu wo oko kòkó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, 504 ni kí ó mú, kí ó má sì yí i padà púpọ̀: sílíìfù tuntun, rédíétọ̀ tí ó mọ́, sípíríǹgì àti ṣọ́kì tuntun, ó tó. Èyí tí ó bá kù tí ó nílò, 505, àbúrò rẹ̀ tí Kàdúná tún tò, lè yá a lára tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé àtúndá gan-an ni ó wà lọ́kàn ẹni, tí a sì ní ọkọ̀ mìíràn tí a ń gbé ṣiṣẹ́, Ìjàpá ni ó borí láìjanpata. Ó ṣeé tú palẹ̀ nínú gáréèjì kékeré, ó ṣeé kọ́ ọmọ ilé-ìwé iṣẹ́ ọwọ́, àṣìṣe inú rẹ̀ kò sì wọ́n. A kò tí ì ka ti àwọn oníṣẹ́ mọ́ ọn. Àwọn àgbà mẹkáníìkì tí wọ́n mọ bí a ṣe ń gbọ́ ohùn tápẹ́ẹ̀tì Ìjàpá, tí wọ́n sì ń tún un tò láìlo ju sípánà àti irin pẹlẹbẹ kan lọ, ń darúgbó. Àwọn ọmọṣẹ́ ìsinsìnyí, orí Toyota oníkọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́. Ìjàpá kan tí a tú palẹ̀ níwájú àgbà bẹ́ẹ̀ nísinsìnyí lè gba ìmọ̀ náà là fún ogún ọdún sí i.

Kì í sì í ṣe epo nìkan ni ó lè gbé e. Ní ọdún 2014, ìròyìn kàn káàkiri nípa akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ní Ilé-Ifẹ̀ tí kò jìnnà sí Àpòmù, tí ó sọ Ìjàpá di ọkọ̀ oníbátìrì: pẹpẹ tí ń gba agbára oòrùn wà lórí rẹ̀, ẹ̀rọ tí atẹ́gùn ń yí sì wà níwájú, níbi tí búùtù rẹ̀ máa ń wà. Olùkọ́ físíìsì lè fi apá kejì yẹn dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú kíláàsì. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, bátìrì kan náà ni ó ń sanwó atẹ́gùn tí ń yí ẹ̀rọ náà, ohun tí ó sì ń gbà ju èyí tí ó ń dá padà lọ. Ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró nínú afẹ́fẹ́ ni èrè wà. Ti oòrùn kò ní irú ìṣòro yìí. Pé ọkọ̀ tí a ṣe fún epo gba irú àyípadà bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan fi hàn bí Ìjàpá ti rọrùn láti tún dá tó.

Èyí tí ó bá wù kí a yàn, ètò iṣẹ́ kan náà ni. Bírékì ni ó kọ́kọ́, lẹ́yìn náà táyà, lẹ́yìn náà ìdarí àti ṣọ́kì. Fún Ìjàpá, kí a fi díìsìkì síwájú, kí a sì pààrọ̀ gbogbo rọ́bà tí ń gbé epo lọ sẹ́yìn, nítorí rọ́bà gbígbẹ lórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná ni ó ti dá iná sun ọ̀pọ̀ nínú wọn. Lẹ́yìn èyí ni kábúrétọ̀ méjì àti sàlẹ́ńsà aláriwo lè wáyé. Bí ẹ́ńjìnnì bá sì yí padà, tàbí bí àwọ̀ ọkọ̀ bá yí, kí a mú ìwé rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì tí ń gba orúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, kí nọ́ńbà tí ó wà lára ẹ́ńjìnnì àti èyí tí ó wà nínú ìwé lè bára mu kí ọlọ́pàá tàbí òṣìṣẹ́ ojú pópó tó bèèrè. Ọkọ̀ kejì kò gbọdọ̀ di ti onírin àlòkù ní kíákíá. Ìlẹ̀kùn rẹ̀, gíláàsì rẹ̀ àti gíà rẹ̀ ṣì níye lórí lọ́wọ́ ẹlòmíràn tí ó ń wá wọn káàkiri láti Gbọ̀ngán títí dé Ìbàdàn.