Kí Ló Fọ́, Kí Ló Já, Kí Ló Kán?

Ọ̀rọ̀ kékeré ni “break” lédè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ fún ife, fún okùn, fún eegun, fún òfin, fún àdéhùn, fún ààwẹ̀, àní fún òwúrọ̀ pàápàá. Bí ẹ bá wá ìtumọ̀ rẹ̀ nínú ìwé atúmọ̀-èdè, ìwé náà kò ní fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dá yín lóhùn. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń mú èyí tó ṣáájú nínú àwọn tí wọ́n rí, wọn a sì máa lò ó fún gbogbo nǹkan. Ibẹ̀ ni ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Gẹ̀ẹ́sì ń wo ohun tó ṣẹlẹ̀: nǹkan kan wà lódidi tẹ́lẹ̀, kò sì sí lódidi mọ́. Yorùbá ń wo nǹkan náà fúnra rẹ̀: ṣé ó le ni àbí ó rọ̀? Ṣé ó gùn? Ṣé ó di wẹ́wẹ́ ni, àbí ó pín sí méjì? Nítorí náà, ẹ má ṣe béèrè pé, “Kí ni Yorùbá ń pe ‘break’?” Ẹ béèrè pé, “Kí ni nǹkan náà, báwo ló sì ṣe rí nísinsìnyí?”

1. Ohun tó ń fọ́

Fọ́ ni à ń lò fún ohun tó le, tí kì í tẹ̀, tó sì máa ń di wẹ́wẹ́ bí ó bá bọ́ sílẹ̀: àwo, ife, ìkòkò amọ̀, ìgò, dígí, ẹyin.

Ife náà bọ́ lọ́wọ́ mi, ó sì fọ́.
Ta ló fọ́ ìgò yìí?
Ẹ ṣọ́ra, àfọ́kù ìgò wà nílẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé fọ́ lè gba àbọ̀, ó sì lè dá dúró láìsí àbọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni já àti dá tí a ó rí níwájú.

Ẹ ṣọ́ ohùn yín níbí o. Fọ̀, olóhùn ìsàlẹ̀, ni ohun tí à ń ṣe sí àwo tó dọ̀tí. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ bá ti ṣáájú ọ̀rọ̀-orúkọ tó jẹ́ àbọ̀ rẹ̀, ohùn rẹ̀ á di ohùn àárín. Nítorí náà, “Mo ti fọ àwo” túmọ̀ sí pé àwo ti mọ́. “Mo ti fọ́ àwo” túmọ̀ sí pé kò sí àwo mọ́. Bí ẹ bá jẹ́ àlejò nílé ẹnìkan, tí ẹ sì sọ èkejì, onílé á sáré wọ ilé ìdáná.

Fọ́ náà ló wà nínú “Orí ń fọ́ mi.” Orí tó ń dunni lásán ni, egbòogi ẹ̀fọ́rí ni kí ẹ wá, ẹ má pe áńbúláǹsì.

2. Ohun tó ń dá, tó ń kán, tó ń ṣẹ́

Ohun tó gùn tó sì le kì í fọ́. Igi, ọ̀pá, eyín àti eegun máa ń pín sí méjì ni.

Ọ̀pá àgbà náà dá sí méjì.
Eyín rẹ̀ kan kán.
Wọ́n ṣẹ́ ẹ̀ka igi náà.

Ìtumọ̀ dá àti kán sún mọ́ra púpọ̀. Ẹ ó gbọ́ méjèèjì lẹ́nu àwọn èèyàn. Ní ti ṣẹ́, ọwọ́ ẹni tó ń ṣe é ló sábà máa ń hàn níbẹ̀: a tẹ̀ ẹ́ títí ó fi já kúrò lára igi. Ẹ wo orúkọ ẹni tó ń ta igi ìdáná: aṣẹ́gità. Ẹ tú u palẹ̀: a + ṣẹ́ + igi + tà. Ẹni tó ń ṣẹ́ igi láti tà á ni.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti ìdánwò nìkan. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò ṣe ògbufọ̀ fún àgbàlagbà kan lọ́jọ́ kan, ní ilé ìwòsàn ní London tàbí Houston. Bí ìyá àgbà bá sọ pé, “Ẹsẹ̀ mi kán,” eegun ló ń sọ. Bí wọ́n bá sọ pé, “Mo fẹsẹ̀ rọ́,” oríkèé ẹsẹ̀ ló yí. Eegun lè má ní nǹkan kan. Bí wọ́n bá sì ní, “Àyà mi ń já,” ẹ̀rù ló ń bà wọ́n tàbí kí àyà wọn máa lù kìkì. Ẹni tó bá kó gbogbo rẹ̀ sínú “break” kan ṣoṣo yóò ṣi dókítà lọ́nà.

3. Ohun tó ń já

Ohun tó gùn ṣùgbọ́n tó rọ̀ ni tirẹ̀: okùn, òwú, wáyà, ẹ̀gbà ọrùn.

Okùn bàtà mi já.
Ó fa wáyà náà títí ó fi já.
Ẹ já ewé díẹ̀ wá fún mi.

Já wọ inú ọ̀rọ̀ àárín èèyàn sí èèyàn pẹ̀lú. Ẹni tó ṣe ìlérí tí kò mú un ṣẹ ti já yín kulẹ̀. Ẹ rántí “àyà mi já” tí a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan: ìpayà ni, kì í ṣe ìbànújẹ́ olólùfẹ́. Bí olólùfẹ́ yín bá fi yín sílẹ̀, “Ọkàn mi bàjẹ́” tàbí “Inú mi bàjẹ́” ni ẹ ó wí.

4. Bù àti pa

Oúnjẹ ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí a bá mú díẹ̀ kúrò lára búrẹ́dì tàbí iyán, bù ni a ṣe: “Ó bu búrẹ́dì fún ọmọ náà.” Búrẹ́dì kì í dédé bù; ọwọ́ èèyàn ló ń bù ú. Bù náà ni àwọn tó túmọ̀ Bíbélì lò fún àkàrà tí Jésù pín fún àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀.

Obì ńkọ́? Pípa ni à ń pa á. Obì ti ní awẹ́ láti inú igi wá: àbàtà sábà máa ń ní mẹ́rin, gbànja ní méjì. Ẹni tó pa obì kò ba nǹkan kan jẹ́. Ibi tí obì ti pín ara rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló tẹ̀ lé. Ẹ má fi pa obì pe dá obì o. A ń pa obì fún àlejò kó lè jẹ ẹ́; a ń dá obì láti béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ òrìṣà. Ní Kúbà, àgbọn ni àwọn olórìṣà ń lò dípò rẹ̀, síbẹ̀ obì ni wọ́n ṣì ń pè é. Àgbọn fúnra rẹ̀ ní èèpo líle, nítorí náà fífọ́ la ń fọ́ ọ. Òwe sọ pé ẹni tí a fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀.

5. Ohun tó bàjẹ́

Bí ẹ̀rọ kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, ó bàjẹ́ ni. Ẹ fi gbólóhùn méjì yìí wéra:

Ojú fóònù mi ti fọ́. (Mo ṣì lè fi pè yín.)
Fóònù mi ti bàjẹ́. (Ẹ má retí ìpè mi.)

Bí ẹnìkan bá wà tó fà á, àbọ̀ á bọ́ sí àárín ọ̀rọ̀-ìṣe náà: “Àbúrò mi ba fóònù mi jẹ́.”

6. Òfin àti àdéhùn

A ń rú òfin, a sì ń yẹ àdéhùn. Omi tó mọ́ náà máa ń rú bí a bá fi igi rò ó. Ẹ lè fi ìyẹn rántí ti òfin.

7. Níbi tí kò sí ohun tó fọ́ rárá

Nígbà mìíràn, ẹ ó ní láti gbàgbé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà pátápátá. Òwúrọ̀ Yorùbá kì í fọ́. Ilẹ̀ ló ń mọ́. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ á sinmi díẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí ń ṣínu nígbà tí oòrùn bá wọ̀ nínú oṣù Ramadan. Ìròyìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tó sì gbóná, ni àwọn oníròyìn ń pè ní ìròyìn yàjóyàjó.

8. Omi ló dànù, agbè kò fọ́

Gbólóhùn kan wà tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ kó tó di ọjọ́ tí ẹ ó gbọ́ ọ. Bí obìnrin kan bá bímọ tí ọmọ náà kò sì dúró, ṣùgbọ́n tí ìyá yè, àwọn àgbà máa ń sọ pé, “Omi ló dànù, agbè kò fọ́.” Agbè ni igbá tí a fi ń pọn omi. Ọmọ ni omi, ìyá ni agbè. Ohun tó lọ dùn wá, ṣùgbọ́n ẹni tó lè tún pọn omi ṣì wà láàyè.

Nínú gbólóhùn yìí, fọ́ kò ṣeé fi ọ̀rọ̀ mìíràn rọ́pò. Bí ẹnìkan bá pè yín láti Ìbàdàn tó ní, “Agbè kò fọ́,” ẹ ti mọ̀ pé ìyá wà láàyè. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò máa ronú igbá. Àgbà ló sábà máa ń sọ ọ́ o. Bí ẹ bá kéré sí ẹni náà, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú àmúmọ́ra” ti tó.

Ẹ dán ara yín wò

Ẹ fi ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá a mu dí àlàfo wọ̀nyí.

1. Ẹyin mẹ́ta ti ____ nínú agbọ̀n yìí.
2. Bàbá àgbà ṣubú, apá wọn sì ____.
3. Okùn tí a fi so ewúrẹ́ náà ti ____.
4. Rédíò wa ti ____. Kò sọ̀rọ̀ mọ́.
5. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ____ díẹ̀ fún mi nínú iyán yìí.
6. Ẹni tó bá ____ òfin yóò sanwó ìtanràn.

Fún ìjíròrò: Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà “wear” náà rí bẹ́ẹ̀. A ń wọ ẹ̀wù, a ń dé fìlà, a ń wé gèlè, a ń ró ìró. Kí ni Yorùbá ń wò níbẹ̀: aṣọ náà ni, àbí ibi tó wà lára? Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnìkan tó ń sọ Yorùbá nílé, kí ẹ sì mú àpẹẹrẹ mẹ́ta mìíràn wá sí kíláàsì.